Àyẹ̀wò Ọkàn Kí Á Tó Wọ Pápá

Ọjọ́rú, 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mò ń kọ́ àwọn JSS mẹ́ta ní ìṣirò nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Mo rò pé ẹnìkan ti kú ni. Nígbà tí aago lù, mo wò ó: ìpè mọ́kànlá, Kóòṣì Akínọ̀ṣọ́ ló pe gbogbo rẹ̀. Mo pè wọ́n padà.

"Bàṣírát, ṣé o jókòó?"

"Mo jókòó, sà."

"Àjọ àgbáyé ti tún gbogbo ìdíje rọ́gíbì àwọn obìnrin tò láti ìsàlẹ̀ dókè. Àyè kan ṣoṣo ló kù fún agbègbè tiwa. Àwa àti Gánà la máa du ú, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré. Níbí, ní Èkó. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí fún orílẹ̀-èdè wa, èmi ni balógun láti ọdún kẹfà. Nínú ọdún mọ́kànlá yẹn, ẹ̀ẹ̀meje péré la bá orílẹ̀-èdè mìíràn pàdé.

"Tí a bá borí ńkọ́, sà?"

"Ẹ ti wọ ipele kejì nìyẹn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà lọ́dún, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá."

"Tí a kò bá borí?"

"Ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó tún ṣílẹ̀kùn."

Ọdún mẹ́fà. Màá ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Mo padà wọ kíláàsì, mo dojú kọ pátákó, mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ kọ síbẹ̀ mọ́.

Àbámẹ́ta, 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ ṣì wà. Eruku pápá ń wọ imú bí áṣáà. Gbogbo wa pé, títí kan àwọn tí a ti ń wá láti ọdún tó kọjá. Olúwadábírà, ẹni tó lẹ́sẹ̀ eré jù nínú wa, wá tààrà láti VGC, àdúgbò àwọn olówó, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Irun rẹ̀ ṣì tutù.

Kóòṣì fi igi ya àtẹ̀gùn mẹ́ta sórí iyanrìn. "Àwọn orílẹ̀-èdè méjìlá tó lágbára jù rè é. Wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Méjìlá mìíràn rè é lábẹ́ wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwa yòókù, a óò máa bá aládùúgbò nìkan gbá a."

Olúwadábírà ní, "Kóòṣì, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ gbá wa síta báyìí?"

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà nínú ilé."



Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo ka ìwé òfin tuntun náà tán, ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ojú ewé kejìlélógún ló bí mi nínú: ẹni tí yóò bá wọ pápá gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ọkàn. Kì í ṣe kí dókítà kàn gbé irin tútù lé èèyàn láyà o. Wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọkàn náà bó ṣe ń lù. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin náírà lórí ẹnìkan, a sì jẹ́ mẹ́tàlélógún. Èmi àti Kóòṣì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Èmi ni mo kọ gbólóhùn tó le jù níbẹ̀: pé òfin olówó ni, wọ́n fi ń dọ́gbọ́n lé àwọn kékeré sẹ́yìn.

Ajé, 2 oṣù Èrèlé

Èsì dé. Ìlà kan péré. Ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò kò ní gbá bọ́ọ̀lù. Ọsibítù kan ní Lẹ́kí ti gbà láti ṣe é fún wa ní ìdajì owó. Mo bú àwọn tó ṣòfin yìí títí ẹnu fi rẹ̀ mí.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Èrèlé

Ní ọsibítù Lẹ́kí, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń pè wá wọlé. Yàrá náà tutù bí inú fíríìjì. Ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán ọkàn ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé a máa ń wó ara wa lulẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù tiwa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ dúró. Ó tẹ nǹkan ọwọ́ rẹ̀ mọ́ mi láyà, ó yí i, ó tún yí i.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà."

Mo wo ojú ẹ̀rọ náà. Nǹkan kan ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹnu ẹja. Mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Jímọ̀, 13 oṣù Èrèlé

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ó dà bíi pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí.

Dókítà Ọlábùnmí kò lè fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, bí ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Bàṣírát, ògiri ọkàn yín nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni irú rẹ̀ ti máa ń wá. Tí ẹ bá ń rìn, tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ níwèé, oògùn á mójú tó o. Ṣùgbọ́n eré sísá tó le lè mú kí ọkàn náà dúró lójijì."

Mo ní ara mi le. Mo ní mo sáré kìlómítà mẹ́jọ láàárọ̀ àná.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ìkẹyìn." Wọ́n mú bírò. "Ta ló kú lójijì nínú ẹbí yín?"

"Bàbá mi kú lọ́mọ ọdún méjìlélógójì. Ṣùgbọ́n tiwọn yàtọ̀, mà. Wọ́n fún wọn ní nǹkan jẹ ni."

"Ta ló fún wọn?"

"Àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí Àríkẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ̀wà nílé rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì ṣubú kí oòrùn tó mú."

"Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n ṣubú?"

Mi ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, kò sígbà kan rí tí mo béèrè.

Dókítà gbé bírò kalẹ̀. "Ẹ lọ béèrè."

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Èrèlé

Mo lọ sí pápá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sáré pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń tẹ́tí sí àyà mi bí ẹni tó ń retí olè. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ilé ìwẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo ń ka bí àyà mi ṣe ń lù.

Ajé, 16 oṣù Èrèlé

Olùkọ́ kan níléèwé wa fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin kan ní Ajah tó máa ń bá èèyàn tẹ ìwé ọsibítù. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ bá a. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ìwé náà jáde, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ọkàn. Orúkọ mi wà lókè rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ọkàn ta ni èyí?"

"Àǹtí, ọkàn kan náà ni gbogbo wa ní."

Mo san owó. Mo gbé ọkàn ẹlòmíì wálé nínú nálọ́ọ̀nù, mo fi í sábẹ́ àwọn aṣọ mi.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Èrèlé

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru yìí kò ní jẹ́ kó rọrùn.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Èrèlé

Mi ò lè gbé e mọ́. Nígbà tí èmi àti Màámi ṣínu tán, àkàrà ṣì wà níwájú wa, mo bi wọ́n léèrè ohun tí bàbá mi ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú.

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ rì sínú iyanrìn lọ́nà Bádóre. Ó bá wọn tì í. Wọ́n ní mọ́tò yẹn jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ló bá dojú bolẹ̀."

"Ṣé wọ́n bì? Ṣé inú ń run wọ́n?"

"Rárá."

"Ṣé nǹkan ti ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Ó máa ń di àyà rẹ̀ mú tó bá gun àtẹ̀gùn. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn òun."

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ nípa àyẹ̀wò, nípa ògiri ọkàn, nípa ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ọwọ́ Màámi dúró lórí ife omi. Mo rò pé wọ́n máa sunkún nítorí tèmi. Ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni pé:

"Àríkẹ́ náà jẹ nínú ẹ̀wà yẹn."

"Kí lẹ wí?"

"Inú ìkòkò kan náà ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n kó àwo. "A ń wá ẹni tí a máa bínú sí."

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni Àǹtí Àríkẹ́ ní, létí ọ̀nà Abraham Adésànyà. Kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sílé wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé tí mo bá ń kọjá níbẹ̀, kí n gba òdìkejì títì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, òdìkejì yẹn náà ni mo ṣì ń gbà.

Mo fa ìwé ayédèrú náà ya.

Àìkú, 1 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún ẹgbẹ́ wa. Mo ti kọ ohun tí màá sọ sílẹ̀, àmọ́ gbólóhùn méjì péré ló jáde. Kóòṣì Akínọ̀ṣọ́ yí ẹ̀yìn sí wa, wọ́n rìn dé ìdí òpó bọ́ọ̀lù, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni wọ́n. Mi ò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Olúwadábírà ní, "Ẹ sáré ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ wó mi lulẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Mo mọ̀."

"Tí ẹ bá kú sọ́wọ́ mi ńkọ́?"

Ó bínú sí mi títí a fi kúrò ní pápá. Kóòṣì ti fi í ṣe balógun. Òun náà ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó, iṣẹ́ tó jẹ́ tèmi láti ọdún mọ́kànlá wá, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n yẹ ọkàn Jàmíù, àbúrò mi, wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Alhamdulillah.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo ń kọ́ Olúwadábírà ní bọ́ọ̀lù gbígbá láti igun. Nínú ogún, mẹ́ta wọlé. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù Ẹrẹ́nà

Àná la túnu. Ní òwúrọ̀ yìí, Màámi fúnra wọn ló wọ hìjáábù, tí wọ́n ní kí á lọ.

Àǹtí Àríkẹ́ ń rán yúnífọ́ọ̀mù iléèwé. Nígbà tí mo kí wọn, wọ́n wo ojú mi, ẹsẹ̀ wọn kò kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìwọ ni Bàṣírá. O jọ bàbá rẹ."

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọkàn, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Ọkàn ló pa á?"

"Ohun tí dókítà rò nìyẹn, mà. Wọn ò lè fọwọ́ sí i, torí kò sẹ́ni tó yẹ òkú wọn wò nígbà náà."

"Ọdún mẹ́tàlélógún." Wọ́n rọra sọ ọ́, bí ẹni ń wọn aṣọ. "Wọn ò jẹ́ kí n dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá tó bí mi kú, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ yọjú. Ọkọ mi ní òun ò lè máa jẹ oúnjẹ apànìyàn, ó kó jáde. Inú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ wá ti ń sọ fún mi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́."

Màámi ní, "Àríkẹ́, dákun."

"Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Mo ti ń béèrè láti ọjọ́ yẹn. Ẹnu kan ló kọ́kọ́ dárúkọ mi."

Màámi yí ojú sí títì. Mo sọ fún Àǹtí Àríkẹ́ pé dókítà ní kí àwọn àti àwọn ọmọ wọn náà wá ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ padà.

"Níwájú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti pè mí ní apànìyàn. Ẹ lọ sọ èyí níwájú ẹbí."

Àbámẹ́ta, 28 oṣù Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìdájí. Pápá rọ̀, ó ń yọ̀. Àwọn Gánà ga, ọkàn wọn sì balẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kóòṣì. Mo di ìwé òfin mú kí ọwọ́ mi má baà ṣófo.

Gánà kọ́kọ́ gba àmì mẹ́ta nítorí àṣìṣe wa. A gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà wọn, àmì márùn-ún. Olúwadábírà gbá èyí tó yẹ kó fi àmì méjì kún un síta. Gánà gbé tiwọn kanlẹ̀, tiwọn wọ àárín òpó: mẹ́wàá sí márùn-ún. A tún gbé e kanlẹ̀, ó tún gbá a síta. Mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Gánà tún gbé e kanlẹ̀, àmì márùn-ún, wọ́n gbá èyí tó tẹ̀ lé e síta, ó wá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, Olúwadábírà fúnra rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà tiwa, ó sì sáré láti ìpẹ̀kun pápá dé ìpẹ̀kun. Mo ti sáré ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nínú ara mi kí Kóòṣì tó gbá mi léjìká mú. Ó gbé e kanlẹ̀ ní igun. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láti gbá a gba àárín òpó. Ó gbá òpó, ó ta síta. Rẹfirí fọn fèrè.

Àwọn Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn ló wà lókè wa nínú àtòjọ àgbáyé, gbogbo èèyàn sì rò pé ẹni tó wà lókè ló ń wọlé tó bá dọ́gba. Àwọn ọmọ tiwa jókòó sínú ẹrẹ̀. Olúwadábírà fi aṣọ bo orí.

Mo ṣí ìwé òfin. Ojú ewé kẹtàdínlógójì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta nítorí mi ò gba ojú mi gbọ́: bí àmì bá dọ́gba, ẹgbẹ́ tó gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ jù ni yóò wọlé. Àwọn gbé e kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa lẹ́ẹ̀mẹta.

Nínú gbogbo èrò tó wà ní pápá náà, ó dà bíi pé èmi nìkan ni mo mọ̀. Ara mi fẹ́ sáré. Mi ò sáré. Mo rìn gba inú ẹrẹ̀, mo rìn kọjá àwọn tó ń jó, mo bẹ̀rẹ̀ níwájú Olúwadábírà.

"A ti wọlé."

"Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Mo fi ojú ewé náà hàn án. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alábòójútó ìdíje gbé gbohùngbohùn, ó sì kà á síta. Ijó dúró. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe.

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Olúwadábírà wí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àìkú, 5 oṣù Igbe

Ìpàdé ẹbí, ní agboolé wa ní Ajah. Bàbá Ọdúnjọ, olórí ẹbí, ló pè é. Àǹtí Àríkẹ́ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, wọn ò tú gèlè, wọn ò gba omi.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkàn. Mo gbé àwòrán tèmi kalẹ̀. Bàbá Ọdúnjọ wò ó, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé òfin bọ́ọ̀lù òyìnbó ló máa wá sọ ohun tó pa ọmọ wa fún wa?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mò ń wá èsì nígbà tí mo rí i pé Màámi ti dìde.

"Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Èmi ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, kò sẹ́ni tó dárúkọ Àríkẹ́ nílé yìí kí n tó dárúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jọ jẹun. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́. Ẹ̀yin kàn gbà á lẹ́nu mi ni."

Ẹ̀rín kúrò nílẹ̀. Mo wo ìyá mi, mi ò mọ̀ wọ́n. Obìnrin tó ń di ọwọ́ mi mú kọjá títì yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń sá fún. Wọn ò jókòó.

Bàbá Ọdúnjọ ní, "Àríkẹ́, o gbọ́."

"Mo gbọ́."

Wọ́n dìde. Wọn ò wo Màámi, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n jáde sí ìta. Mo ti rò pé wọ́n ti lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lójú fèrèsé.

"Bàṣírá. Dókítà yẹn, ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀? Ọmọ mẹ́ta ni mo bí."

Mo ní Ìṣẹ́gun àti Jímọ̀, mà.